Kòtíìtán, Ajá Àwẹ̀ró, àti Àmì Inú Àpótí

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Èmi ni Samuel Ilésanmí, ọmọ Àjọwá. Èmi ni mò ń gún ajá lábẹ́rẹ́ fún káńsù wa, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà. Àwọn kan máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kàwé tán, mo wá ń lé ajá kiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ajá dìgbòlugi kan ṣoṣo lè sọ ilé kan di ahoro, abẹ́rẹ́ mi ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mò ń fi iṣẹ́ mi yangàn, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1957, mo gbé tábìlì mi kalẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán kan ní Ọ̀kà. Ajá rọ́ wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi okùn fa òmíràn, wọ́n gbé òmíràn mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, òmíràn sì ń wọ́ ẹni tó mú un wá káàkiri, bí ẹni pé òun gan-an ló ni olówó rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan dé láì mú okùn lọ́wọ́ rárá. Ajá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Ajá pupa ni, àyà rẹ̀ funfun, etí òsì rẹ̀ sì ya sí méjì.

Mo ṣí ìwé mi. “Kí lorúkọ yín, ìyá?”

“Àwẹ̀ró, ìyàwó olóògbé Ẹ̀taòkò.”

“Orúkọ ajá ńkọ́?”

“Kòtíìtán.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Kí ni kò tíì tán?”

“Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn kan ní oko wa tó wà lábẹ́ àpáta ti di ti ọ̀bọ, pé kí n fi í sílẹ̀. Mo wá ọmọ ajá kan, mo sọ ọ́ ní Kòtíìtán. Bí mo bá ti ń pè é láàárọ̀, gbogbo àwọn tó yẹ kó gbọ́ ni wọ́n ń gbọ́.”

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mo tún bi í pé kí ló ya etí ajá náà.

“Ìjímèrè ló fà á ya. Ìjímèrè ọ̀hún ò padà wá mọ́.”

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ti etí ti àyà. Mo gún Kòtíìtán lábẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ ké. Mo fún ìyá náà ní àmì rẹ̀, páànù róbótó kékeré tí nọ́ńbà 61 wà lára rẹ̀. Ibí yìí ni èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe. Ọkùnrin kan ń pariwo lẹ́yìn pé okùn ń fún ajá òun lọ́rùn, mo sáré lọ bá a, mi ò sì sọ fún Àwẹ̀ró ibi tí yóò fi àmì náà sí. Ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Nílé Àwẹ̀ró, ohunkóhun tí ìjọba bá fúnni, inú àpótí ló ń gbé. Ibẹ̀ ni rìsíìtì owó orí olóògbé Ẹ̀taòkò wà, ti ọdọọdún, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Ó fi aṣọ funfun wé àmì ajá náà, ó gbé e lé wọn lórí, ó sì ti àpótí pa. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Àwọn èèyàn tí kì í fi ìwé ìjọba ṣeré ni wọ́n.

Nígbà tó di oṣù keje, àgbàdo ti ń gbó lóko. A gbọ́ pé ajá dìgbòlugi kan bu èèyàn jẹ ní abúlé kan, káńsù bá rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti máa mú àwọn ajá tó ń rìn ká ìgboro láìní àmì lọ́rùn. Àwọn ará ìlú ń pè wọ́n ní wolé-wolé ajá. Pius jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀, Kòtíìtán sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Pius wọlé tòun ti okùn lọ́wọ́. Kò ké àgò, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ju okùn sí ajá náà lọ́rùn, ó fà á dìde.

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, kí lajá mi ṣe?”

“Kò ní àmì lọ́rùn. Ti káńsù ni.”

“Ó ní àmì! Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́!”

Àwẹ̀ró sáré wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó mú àmì náà jáde, ó tú aṣọ kúrò lára rẹ̀. Ó ń dán yinrin. Pius wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

“Àpótí lajá yín ni? Ọrùn ajá lòfin wí.”

“Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ ọn lọ́rùn báyìí.”

“Ó ti pẹ́ jù.”

“Inú ilé mi lẹ ti mú un. Kò rìn jáde, kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

Ìbíyínká, aládùúgbò rẹ̀, ti yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó fa Àwẹ̀ró láṣọ, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un ní adìẹ kan kó máa lọ. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn.”

“Adìẹ kẹ̀? Ajá tèmi ni mo ń sìn, mi ò jalè.” Ó yíjú sí Pius. “Ó dáa, ẹ fún mi níwèé tó sọ ibi tí ẹ ń mú un lọ.”

“Ìwé? Ṣé ẹ mọ̀wé ni?”

Ó wọ́ Kòtíìtán lọ sínú lọ́rì tó gbé e wá. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àmì lọ́wọ́ títí lọ́rì náà fi lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán ni àwọn ọ̀bọ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Wọ́n jẹ àgbàdo orí ebè méje, wọ́n sì da èyí tí wọn ò jẹ nù. Àgbàdo yẹn ni oúnjẹ Àwẹ̀ró títí ọdún yóò fi yípo. Ó ń lu agolo lóko láti àárọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi oko síkàáwọ́ Ìbíyínká, ó wọ lọ́rì lọ sí Ìkàrẹ́.

Mò ń fọ abẹ́rẹ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Kò kí mi. Ó gbé àmì náà lé orí tábìlì.

“Ẹ gba nǹkan yín.”

“Ìyá, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé kò sí?”

“Bí ẹ bá tún wá sí Ọ̀kà, ewúrẹ́ ni kẹ́ ẹ wá gún lábẹ́rẹ́. Kò sí ajá níbẹ̀ mọ́. Èyí tí Pius yín ò tíì mú, a ti kó wọn pa mọ́ sóko. Ẹ̀yin lẹ fún wa lámì, ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń jí wa lájá kó.”

Ó wá ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ó sì dúró gbọn-in bí ó ti ń sọ ọ́. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Bí àwọn ará Ọ̀kà bá fi ajá wọn pa mọ́ fún wa, ta ni mo fẹ́ gún lábẹ́rẹ́? Ọjọ́ tí dìgbòlugi bá wọ àárín àwọn ajá oko yẹn, àwọn ọmọdé ni wọn yóò kọ́kọ́ bù jẹ. Pius ti fi okùn kan ṣoṣo ba iṣẹ́ ọdún kan mi jẹ́.

Mo gbé ìjókòó fún un, mo sì mú ìwé òfin káńsù wa sílẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ. Òótọ́ ni pé ọrùn ajá ló yẹ kí àmì wà. Ẹ ṣàṣìṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fà á, torí mi ò sọ fún yín. Pius ní tiẹ̀, ìgboro ni wọ́n rán an sí. Kò láṣẹ láti wọlé onílé mú ajá tó jókòó jẹ́jẹ́.”

“Ìyẹn ni pé ó jẹ̀bi?”

“Ó jẹ̀bi kọjá ìyẹn. Ajá tó bá mú, ó gbọ́dọ̀ fún olówó rẹ̀ níwèé. Ó gbọ́dọ̀ mú un wá sí ọgbà tiwa níbí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí olówó rẹ̀ bá mú àmì wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, a ó dá a padà fún un.”

Àwẹ̀ró fi ìka ka ọjọ́. Ó dìde. “Òní ló pé mẹ́ta. Ẹ dìde, ká lọ.”

A lọ bá Alàgbà Badmus, akọ̀wé àgbà wa, bàbá kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ tiwa tán, ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ajá tí wọ́n bá mú sí, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ajá mẹ́rin ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí èyí tó ti Ọ̀kà wá.”

Ó ránṣẹ́ pe Pius. Pius wọlé, ó rí Àwẹ̀ró, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ajá yẹn, ọ̀gá? Ó ti ya dìgbòlugi. Mo ti pa á.”

Àwẹ̀ró di etí tábìlì mú.  Èmi ni mo sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo gún ajá yẹn lábẹ́rẹ́ ní oṣù karùn-ún. Bó bá sì jẹ́ dìgbòlugi lóòótọ́, a gbọ́dọ̀ fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Orí náà dà?”

“Mo ti sin ín.”

“Níbo?” Alàgbà Badmus bi í. Kò dúró gbọ́ èsì. Bàbá náà dé fìlà rẹ̀. “Mo gbọ́ pé ọ̀bọ ń da ìwọ náà láàmú lóko àgbàdo rẹ. Jẹ́ ká lọ bá ọ kí oko.”

Oko Pius kò jìnnà sí ìgboro. Ojú ibi tí ọ̀bọ ti jẹ àgbàdo rẹ̀ rí ti gbẹ, wọn ò sì fọwọ́ kan ẹyọ kan láìpẹ́ yìí. Lẹ́nu ahéré, wọ́n so ajá pupa kan mọ́ òpó. Ó ti rù díẹ̀.

“Ajá tèmi nìyẹn,” ni Pius sọ. “Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Mo ṣí ìwé mi, mo kà á sókè. Nọ́ńbà 61. Ajá pupa. Àyà funfun. Etí òsì ya sí méjì, ìjímèrè ló fà á. Olówó rẹ̀, Àwẹ̀ró ìyàwó Ẹ̀taòkò, Ọ̀kà. Alàgbà Badmus gba àmì lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti inú ìwé.

“Ìyá, ẹ pè é.”

“Kòtíìtán,” ni Àwẹ̀ró wí, kò pariwo. Ajá náà fò dìde, ó fa okùn títí òpó ahéré fi mì.

“Pius,” ni Alàgbà Badmus wí, “ọwọ́ rẹ lo fi dè é. Ọwọ́ rẹ náà ni wàá fi tú u.”

Pius kúnlẹ̀, ó tú u lójú gbogbo wa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gba okùn káńsù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mú ajá ẹnikẹ́ni mọ́.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ò tíì lọ. Ó so àmì mọ́ Kòtíìtán lọ́rùn, ó wá kọjú sí wa.

“Mo ti gbọ́ pé ọrùn lẹ ní kó wà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọrùn ló wà níjọ́ yẹn, ṣé inú igbó kọ́ ni ọkùnrin yìí ì bá jù ú sí? Kí ni n bá mú wá síbí?”

 Alàgbà Badmus rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Láti oṣù tó tẹ̀ lé e ni káńsù wa ti ń fún olówó ajá kọ̀ọ̀kan ní nǹkan méjì: páànù fún ọrùn ajá, àti ìwé tó ní nọ́ńbà kan náà fún àpótí. Ìyá kan tí kò wọ ilé ìwé rí ló kọ́ àwa akọ̀wé lọ́gbọ́n yẹn. Bí mo bá rántí, orí mi máa ń wú.

Nígbà tí mo padà sí Ọ̀kà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù bà mí pé kò ní sí ẹni tó máa yọjú. Ajá tí wọ́n kó wá pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Àwẹ̀ró ló wà níwájú ìlà, Ìbíyínká sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ọmọ ajá méjì. Bí mo ti gún Kòtíìtán tán, Àwẹ̀ró ò lọ. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ń ké sí gbogbo ẹni tó bá gba àmì.

“Páànù, ọrùn! Ìwé, àpótí! Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi o, Ilésanmí lè gbàgbé, ó máa ń kánjú!”

Gbogbo ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ mú ajá yín wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì so àmì mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kó máa rìn ká ìgboro. Bí ajá bá ń da itọ́, tó ń bu ohun tó bá rí jẹ, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ tètè wá sọ fún wa. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ pé ọgbẹ́ náà kéré.

Bí òṣìṣẹ́ bá mú ajá yín, ẹ má bá a jà, ẹ má sì fún un ní adìẹ. Ẹ bi í lórúkọ, ẹ ní kó fún yín níwèé, kẹ́ ẹ sì tètè mú ìwé nọ́ńbà inú àpótí yín lọ sí káńsù kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Bó bá bi yín pé ṣé ẹ mọ̀wé ni, ẹ sọ fún un pé Àwẹ̀ró Ọ̀kà náà ò mọ̀wé, Kòtíìtán sì ti padà sóko rẹ̀ lábẹ́ àpáta.