Ẹlẹ́nu Oyin àti Arúgbó Mọ́tò Dókítà Eyín

Nígbà tí dókítà eyín jáde ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán tí kò bá mọ́tò rẹ̀ níbi tó gbé e sí, olè kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títì ló kọ́kọ́ wò. Bíréèkì ọwọ́ mọ́tò náà ò ṣe é gbára lé, ó sì ti dá yí lọ rí, tó fi imú wó ọgbà aládùúgbò. Dókítà sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń yọjú sínú gọ́tà bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó padà sókè tó rí epo dúdú tó ń kán tó, tó, tó, láti ojú ibi tó gbé e sí dé ẹnu géètì, tó sì yà sọ́tùn-ún, ló tó ká ọwọ́ lérí.

"Wọ́n ti jí i," ló wí. "Ta ni orí rẹ̀ burú tó báyìí?"

Mọ́tò asáré ilẹ̀ Ítálì ni, oníjókòó méjì, pupa nígbà kan rí. Ó ti lé lógójì ọdún. Àwọn tó ní irú rẹ̀ a máa fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde. Dókítà ní tirẹ̀ ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òjò ni o, ẹ̀rùn ni o. Mítà rẹ̀ ti ka kìlómítà ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mọ́kànlá. Ó fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn aláìsàn pé, "Mọ́tò mi ti dé òṣùpá, ó ti ń padà bọ̀ wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún péré ló dákú lọ́nà." Ẹnu aláìsàn wà ní lílà ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó já a níyàn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin sájẹ́ńtì kan ló gba ẹjọ́ rẹ̀.

"Ṣé mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́?"

"Nígbà tó bá wù ú."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì?"

"Kò lo kọ́kọ́rọ́. Ṣíbí tíì ni mo fi ń tan-án, ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"Ṣíbí ọ̀hún dà?"

"Inú àpò ilẹ̀kùn mọ́tò ló wà. Kí n má bàa máa wá a kiri."

Sájẹ́ńtì gbé bírò kalẹ̀. "Ẹ̀yin Dókítà, ẹni tó bá ti ní ṣíbí á kàn gbé e lọ nìyẹn?"

"Rárá o!" Ara dókítà ta. "Ó ní bí wọ́n ṣe ń tan-án. Ẹ ó tẹná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó ka ení dé ẹ̀wá, ẹ ó fa ṣóòkù dé ìdajì, kẹ́ ẹ tó yí ṣíbí. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, tó bá fẹ́ kó máa yí i dọ̀la, kò ní dún."

"Ta lẹ fi hàn?"

Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ọkùnrin kan ti wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aṣọ funfun báláú, ohùn pẹ̀lẹ́, eyín kan ń jẹrà lápá òsì lókè. Dókítà dí i fún un. Bí ọkùnrin náà ṣe ń dìde lórí àga, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ṣì kú, ó béèrè pé, "Dókítà, ta ló ni ọba mọ́tò tó wà níta yẹn?" Ó tán. Ogójì ìṣẹ́jú ni dókítà fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ lórí ìjókòó, tó ń fi ẹ́ńjìnnì han àlejò. Ó fi ṣíbí hàn án. Ó kọ́ ọ ní kíkà. Nígbà tó ṣì í ṣe, ó tún un kọ́.

"Èmi ni mo kọ́ olè bó ṣe máa jà mí lólè," ni dókítà wí. "Nígbà tó wá ṣe é dáadáa, mo pàtẹ́wọ́ fún un."

Sájẹ́ńtì fi fáìlì bo ojú kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. "A mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́nu Oyin là ń pè é níbí. Àgbà mọ́tò ló ń jí. Á kùn ún lọ́dà, á dá mítà padà sẹ́yìn, á wá tà á bí ogún bàbá rẹ̀."

"Abájọ," dókítà ní. "Oyin ló jẹ eyín rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, kò sunkún. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe mọ́tò náà ní orogún. "Orogún mi ti kó jáde," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ̀rín ti tán. Òun ló wá ń fi mọ́tò kékeré tirẹ̀ gbé ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, o ò gbọ́ bẹ́líìtì tó ń dún yẹn?"

"Mọ́tò ọdún méjì ni, Bàbá Ìbejì. Kò sóhun tó ń dún."

"Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Tó bá délé, á jókòó sí kíṣìnnì, á máa to ṣíbí, á mú ọ̀kan, á mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ìyá Ìbejì gbé fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń polówó mọ́tò wò fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí orogún rẹ̀ padà wálé. Lọ́jọ́ kọkànlá ó pariwo pè é.

Ọ̀dà tuntun ń dán lára mọ́tò inú àwòrán náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì nàka sí ihò kékeré kan lára àga. "Gìgísẹ̀ bàtà mi ló lu ihò yìí, lọ́jọ́ tá a há sínú òjò."

Dókítà ka ìpolówó náà sókè. "'Mọ́tò bàbá mi olóògbé. Òjò ò pa á rí.' Òjò ò pa á rí kẹ̀? Ife ni mo fi ń gbọ́n omi inú ẹ̀! 'Kìlómítà ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì péré.'" Ó gbé fóònù kalẹ̀. Olè tó jí mọ́tò, ó lè forí jì í. Èyí tó jí ìrìn àjò ogún ọdún rẹ̀, kò lè fara mọ́ ọn.

Wọ́n fi tó Sájẹ́ńtì létí, wọ́n sì jọ dá a sí ọgbọ́n. Ìyá Ìbejì tẹ Ẹlẹ́nu Oyin láago pé òun fẹ́ ra mọ́tò náà. Sájẹ́ńtì wọ aṣọ ilé, ó di àbúrò rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n mú òun dání. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn mọ́tò kékeré náà, wọ́n fi aṣọ ìbùsùn olódòdó bò ó.

"Ẹ má mira o," Sájẹ́ńtì wí. "Títí táá fi kó ìwé ayédèrú lé mi lọ́wọ́."

Inú ọgbà onípáànù kan ni wọ́n ti pàdé. Ẹlẹ́nu Oyin ti ń dúró, funfun báláú. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Bàbá mi fẹ́ràn mọ́tò yìí ju èmi ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ n tan-án, kẹ́ ẹ gbóhùn ẹ̀."

Ó wọlé, ó tẹná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kà, ó yí ṣíbí. Ẹ́ńjìnnì dún. Kí ó lè wu oníbàárà, ó wá tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá. Lábẹ́ aṣọ, ó dàbí ìgbà tí wọ́n ń na ọmọ dókítà lójú rẹ̀. Ó payín keke. Ọkùnrin náà tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn mọ́tò kékeré ṣí gbàgà.

"Má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀! Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná!"

Ó dúró sáàárín ọgbà, òdòdó lórí bí ìyàwó tuntun. Ẹlẹ́nu Oyin wò ó lẹ́ẹ̀kan. Sájẹ́ńtì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ́tò pupa já gba ẹnu géètì jáde.

"Ẹ wọ mọ́tò!" Ìyá Ìbejì ké. Ó fi mọ́tò kékeré lé e bí ẹni tó ti ń dúró de ọjọ́ náà láti ìgbà èwe. Wọ́n sún mọ́ ọn ní oríta, ó ku díẹ̀ kí Sájẹ́ńtì ka nọ́ńbà ara rẹ̀ ni tírélà kan rọra wọ àárín wọn. Ìgbà tó fi máa kọjá, títì ti ṣófo.

"Ó ti lọ," Sájẹ́ńtì wí.

"Òkè ló kàn níwájú," dókítà dáhùn. "Níbẹ̀, á fi í sí gíà kejì. Gíà kejì a máa fò jáde."

Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i: ẹ́ńjìnnì ń ké, kò gbé nǹkan kan. Mọ́tò pupa dúró ní ìdajì òkè, èéfín ń rú. Ẹlẹ́nu Oyin wà nínú rẹ̀, ó ń lu gíláàsì, ọwọ́ ilẹ̀kùn tó já wà ní ìkúùkù rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a já. Ìkejì kì í ṣí látinú," dókítà ṣàlàyé. "Gíláàsì náà kì í sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ ò fi ìyẹn hàn án?"

"Ojú tì mí. Àlejò ṣáà ni."

Sájẹ́ńtì tẹ̀ síwájú gíláàsì. "Ta ló ni mọ́tò?"

"Bàbá mi! Mi ò rí ọkùnrin yìí rí!"

"Òsì, lókè, eyín kejì láti ẹ̀yìn," dókítà ní. "Èmi ni mo dí i. Ẹ ní kó la ẹnu."

Ẹlẹ́nu Oyin pa ẹnu dé pinpin.

"La ẹnu."

Ó mirí.

"Kò burú. Oòrùn ń ràn, a ò kánjú."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò, òógùn bò ó. Ó gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì, ó yà á gbàù. Dókítà wọ awò ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kì í sì í fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ní kó máa fọ̀ ọ́."

Ní àgọ́, oyin tán lẹ́nu rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá mọ́tò mẹ́ta mìíràn lábẹ́ páànù, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn tí Ẹlẹ́nu Oyin jí mọ́tò wọn àti àwọn tó ti ta òmíràn fún. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìntì gbọ́ pé mọ́tò tó rà ti gbó kí ó tó dọ́wọ́ òun. Ó fi ọwọ́ lé àyà. "Ẹ ṣeun o! Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bẹ mọ́tò yẹn pé kó dárí jì mí, mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n dá mọ́tò dókítà padà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ gbà á. Dókítà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, Ìyá Ìbejì gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bọ́ sí apá ọ̀hún."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Ẹ bọ́ síbẹ̀, mo ní."

Ó tẹná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kà á sínú, ó yí i. Ó dún. Ó fi gíà àkọ́kọ́ gbéra, ó fo èkejì. Nígbà tí wọ́n dé oríta tí wọ́n ti ń yà sílé, kò yà. Dókítà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Ìyá Ìbejì, ilé kọ́ lọ̀nà yìí lọ o."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì tẹná sí i.