Ẹ̀rọ Tó Ń Ránṣọ Láìdúró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ sún mọ́bí, òfófó gbóná wà lẹ́nu mi lónìí. Àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ò pẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé kòrónà ni. Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Téèpù, torí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní díẹ̀ ló kù kó máa gbé e wọ balùwẹ̀.

Ohun tí ìyàwó ò mọ̀ nìyí o: tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, tí ìdí ń ro ọkọ ẹ̀, ó máa ń lo oògùn apàrora líle kan tí ìjọba fòfin dè. Ọkùnrin tó ń gbé òwú kiri ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á fún un. Hóró kan di méjì, méjì di mẹ́rin.

Kòrónà dé, gbogbo nǹkan tì. Kò sí olówú, kò sí oògùn. Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Imú ń ṣomi, gbogbo ara ń ro ó, òógùn bò ó.

"Yéè! Kòrónà ti wọlé!" Ìyá ẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló lọgun bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mọ̀ pé kì í ṣe kòrónà. Ojú tì í láti sọ òótọ́. Wọ́n bá fi òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí. Ìró ẹ̀rọ yẹn nìyàwó fi ń mọ̀ pé ọkọ òun wà láàyè. Ṣàà, á dúró. Ṣàà, á dúró.

Nígbà tó tó ọjọ́ mẹ́wàá, ó pè láti inú yàrá: "Ìyàwó mi, òwú mi ti tán. Olówú ti rí ọ̀nà gbà, ó ń gbé òmíràn bọ̀."

Òwú dé. Ìyàwó fi ọṣẹ nù ún, ó sá a sóòrùn, ó tún nù ún, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún un. "Kòkòrò kankan ò ní bá òwú yìí wọlé!" Ẹ gbọ́ mi ná, kòkòrò ló ń ṣọ́ o!

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ṣàà... ṣààààààà. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Màámi, ẹ gbọ́ ẹ̀rọ yẹn."

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ara ẹ̀ ti ń yá."

"Rárá o! Télọ̀ wo ní í ránṣọ tí kì í dúró yí aṣọ? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kàn tẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì, kò gbé e kúrò!"

Ìyá bá dí ilẹ̀kùn. "O ò ní wọbẹ̀! Ṣé o fẹ́ kó àrùn ran àwọn ọmọ ẹ ni?"

Wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ ń ké lọ. Nígbà tó yá, ìyàwó fi gèlè di imú, ó ti ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Ọ̀gá dorí kọ ẹ̀rọ. Ètè ẹ̀ ti dúdú, ó ń hanrun, èémí ẹ̀ ń dá dúró.

Ìyàwó lọgun pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì. Kí nọ́ọ̀sì tó dé, ìyá ti gbé mílíìkì dé láti rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọn:

"Màámi, ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, èémí ló máa dí. Ẹ jẹ́ ká fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn! Kí ló lò?"

"Ọmọ tèmi? Kò lo nǹkan kan! Kòrónà ni!"

Ìyàwó wo orí tábìlì. Ó rí bébà rírún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, òun ni wọ́n fi dí ihò àárín ike òwú yẹn tẹ́lẹ̀. Hóró méjì ṣẹ́ kù nínú ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti kún ojú wíńdò. Ó gbẹ́nu lé e:

"Èyí ni, àǹtí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e fún un."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ẹni tí oògùn ti mọ́ lára, tí kò bá rí i, ó máa ń gbọ̀n bíi ti kòrónà. Tó bá wá dúró lọ́jọ́ mélòó kan, kò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń tà á sì ti ń po nǹkan míì mọ́ ọn, torí pé ojú ọ̀nà tì. Òun nìkan ló tún wà nínú yàrá, kò sẹ́ni tó máa tètè rí i."

Ọ̀gá ò kú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní kòrónà rárá. Ṣùgbọ́n èémí tó wọ́n ọpọlọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jà lẹ́nu ọ̀nà ti ba ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ jẹ́. Ìyàwó ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí. Téèpù ṣì wà lọ́rùn Ọ̀gá.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹni tó bá ń gbọ̀n nílé yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í ohun tó ń lò, ẹ má dójú tì í. Ẹ má jẹ́ kó dá wà. Ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì, àní bí gbogbo àdúgbò bá ń gbọ́.

Ẹ dákun, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tí àwọn ọmọ yín dúró lẹ́yìn yín, tí ẹ̀rọ ń ké láìdúró, kí lẹ máa ṣe?