Ìdajì Ọṣán fún Agboorùn Kábíyèsí

Lọ́dún 1975, nígbà tí owó epo gorí ìlú, tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò rẹrẹ lójú omi Èkó tí wọn ò ríbi gúnlẹ̀, Olóyè Abórìṣàdé wọ ṣọ́ọ̀bù Ọládùnní, télọ̀ ní Mafoluku, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Ẹ̀tù ni wọ́n wọ̀, iyùn wà lọ́rùn wọn. Kábíyèsí ló rán wọn wá láti Ìjẹ̀bú.

Ọládùnní kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Olóyè. Ẹ kú ìrìn."

"Pẹ̀lẹ́ o. Agboorùn dà?"

Ó ṣí i. Aṣọ funfun yẹpẹrẹ ló kọ́kọ́ fi dán an wò, torí àrán pupa tí Kábíyèsí fi ránṣẹ́ kò ní èkejì. Irú rẹ̀ yòókù ṣì wà nínú ọkọ̀ lójú omi. Ṣùgbọ́n aṣọ náà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ láàárín àwọn irin mẹ́jọ tó gbé e dúró.

Olóyè wò ó títí. "Agboorùn rèé, àbí àpò gaàrí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Kábíyèsí á jáde ní Sátidé. Bí mo bá padà nírọ̀lẹ́ tí kò fà le, màá gbé e fún télọ̀ ọkùnrin ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Télọ̀ ọkùnrin, Olóyè?"

"Ọkùnrin."

Wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀gbẹ́ni Rámán, ará Íńdíà tó ń kọ́ ọmọ níṣirò ní Ìsọlọ̀, wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó rí òbìrìkìtì tí Ọládùnní fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀.

"Àǹtí, báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?"

"Irin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́ta ínǹṣì. Mo fa òbìrìkìtì, mo wọn etí rẹ̀ yí po, mo pín in sọ́nà mẹ́jọ. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ínǹṣì ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan."

"Láti orí irin kan sí èkejì, ṣé aṣọ á tẹ̀ bí etí òbìrìkìtì, àbí á fà tààrà?"

Ọládùnní fi ìka tọ aṣọ náà láti irin dé irin. "Á fà tààrà."

"Ẹ wo ọrun ọdẹ. Igi ló tẹ̀. Ọṣán, okùn rẹ̀, ló fà. Igi lẹ wọ̀n."

"Háà!"

"Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ nílẹ̀ wa ti ń wọn ọṣán òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì ń wọn odindi. Àwọn tiwa ní ìdajì ló rọrùn jù. Wọ́n to ìṣirò mẹ́rìnlélógún sínú ewì, a sì kọ́ ọ sórí. Òbìrìkìtì tí a pín sọ́nà mẹ́jọ bíi tiyín, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀kẹfà."

Ó dijú, ó ké nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ lédè wọn, ó ń fi ìka rò ó pọ̀. "Mẹ́tàlélógún ni ìdajì."

Ọládùnní bú sẹ́rìn-ín. "Ìdajì? Télọ̀ làwọn babańlá yín! Ta ló ń gé aṣọ láì ṣẹ́ ẹ po?"

Kò sáyè ìdánwò mọ́. Ó ṣẹ́ àrán po. Ó wọn mẹ́tàlélógún, ó fi ibi rírán lé e, ó gé.

Nírọ̀lẹ́, Olóyè dé. "Ṣí i."

Àrán dún pàù. Olóyè fi ìka ta á, kò mì. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Télọ̀ ọkùnrin yẹn," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo sọ láàárọ̀ o."

Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì gúnlẹ̀ níkẹyìn. Owó epo wá, ó lọ. Ní Mafoluku, kò sí ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọládùnní tí kì í kọrin kó tó gbé sìsọ́ọ̀sì: "Ọgọ́ta nirin, mẹ́tàlélógún nìdajì." Wọn ò mọ̀ pé torí ìràwọ̀ ni àwọn babańlá Ọ̀gbẹ́ni Rámán ṣe kọ́kọ́ ké e. Ọba mọ́kànlá ló ti jáde lábẹ́ orin náà.