Ẹ Rẹ́rìn-ín Kí N Rí I

Ọjọ́ kẹta tí Ìyá Wọ́ọ̀dù ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí òun rí i ni ẹ̀gbọ́n ọ̀hún kú. Bàbá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, òun ló sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì níṣẹ́ káfíńtà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jí, ó bọ́jú, ó bá àwọn pákó tuntun wí pé wọn ò gbẹ tó, ló bá ṣubú lé tábìlì tó ń fá lọ́wọ́. Kò ṣàìsàn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sin, kò sì sẹ́ni tó rí ẹnu yẹn tó tètè gbàgbé rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín náà ṣojú rẹ̀ ni Aránṣọ, ìyàwó Káfíńtà, àkọ́bí Bàbá Àgbà. Ó jókòó sídìí máṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣẹ́ etí kọ́tìnnì. Bàbá Àgbà ń mumi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó tí kò bímọ tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé, jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ife bọ́ lọ́wọ́ bàbá, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù dìde fùú, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i," ló wí.

Bàbá Àgbà rò pé ó ń bá òun ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó sì dijú. Ọwọ́ ọ̀tún ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbá ò mọ̀. Ó ní kó wí tẹ̀lé òun pé oòrùn ti ràn, ilẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí bàbá wí kò jọ oòrùn, kò jọ ilẹ̀. Kí omi orí iná tó hó, gbogbo rẹ̀ ti padà sípò. Bàbá mú ife nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín gidi, ó ní ó rẹ òun ni. Ìyá Wọ́ọ̀dù ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn máa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní ilé aláìsàn ni wọ́n ń pe ibẹ̀, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún òun léṣìí gan-an, òun ti pa á tì nígbà tí ara òun le. Ẹ̀bẹ̀ di ariwo, ariwo jáde síta. Ohun tí àwọn ará àdúgbò gbọ́ kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni, "Bí ẹ ò bá lọ, ẹ máa kú."

Ìwọ tó ń gbọ́ ìtàn yìí, ká ní o wà lójú fèrèsé yẹn, tí bàbá sì kú lọ́jọ́ kẹta, kí ni ìwọ náà ì bá rò?

Aránṣọ ti ròyìn ti ẹ̀rín àti ti ọwọ́ nílé, àbúrò Káfíńtà ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Gbọ́yìísọ̀yí ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè é. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ayùn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ṣé ẹ ò rí i pé ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Wọ́ọ̀dù ń jáde, pé ìdájí ló ń wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n? Òwìwí kan ń bà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ó ń ké ṣáá. Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé gbẹ lórí ìdúró. Oyún oṣù mẹ́ta tó wà lára Aránṣọ bàjẹ́. Ti àgbàdo, Aránṣọ fi ṣẹ̀rín nínú ara rẹ̀, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé òjò ò rọ̀. Ti oyún ló mú un. Ó dùn ún wọ egungun, ó sì ń wá ẹni tí òun yóò dì í rù.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọsibítù ńlá ni obìnrin náà ti ń nulẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Wọ́ọ̀dù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ní í bi ẹni tó ń nulẹ̀ pé kí lojú rẹ̀ rí?

Ilé ò tòrò mọ́. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọdé á ki ọwọ́ bọ abíyá, kó má baà ní kí wọ́n gbé e sókè. Ìdílé tó jẹ́ pé àwàdà ni wọ́n fi ń jẹun wá dákẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣèdánwò. Gbọ́yìísọ̀yí fúnra rẹ̀, bí ẹ̀rín bá gbọ̀n ọ́n, á sá lọ sẹ́yìn ògiri lọ rín in tán kó tó padà wá bojú jẹ́. Ẹ̀rù gidi ló sì ń bà á, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n.

Nígbà tó yá, ó mú aríran kan wá. Gbogbo ilé pé, ọkùnrin náà wo inú abọ́ omi títí, ó gbórí sókè, ó ní ẹni tó bèèrè ẹ̀rín ló gba ẹ̀mí. Wọ́n ní kí Aránṣọ sọ ohun tó ṣojú rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀rín, ó sọ ti ọwọ́, ó sọ ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí bàbá wí tẹ̀lé. Kò fi irọ́ kún un, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ìyá Wọ́ọ̀dù ò ké, kò búra. "Bí mo bá fẹ́ pa á, ṣé mo tún máa bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí ọsibítù ni?" Ó kọjú sí Aránṣọ. "Ìyàwó, ìwọ wà níbẹ̀."

Aránṣọ wolẹ̀. Ojú tì í, kò sì mọ ohun tó ń tì í lójú. Aríran ní kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ó sì kó o. Káfíńtà gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu géètì, torí obìnrin náà ló pọ̀n ọ́n ní kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò kiri. Níbẹ̀ ni Ìyá Wọ́ọ̀dù ti wí fún un pé, "Ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ ló wà lára ẹ. Lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò." Gbọ́yìísọ̀yí ní ẹ gbọ́, ó tún ń ṣépè bó ṣe ń lọ.

Ó yẹ kí ara tù wọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Ara ò tù wọ́n. Òwìwí ò bá Ìyá Wọ́ọ̀dù lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún ti bà sórí òrùlé. Bí Káfíńtà bá wúkọ́, Aránṣọ á dáwọ́ máṣíìnì dúró. Bó bá ń jẹun, Aránṣọ á máa wo ẹnu rẹ̀ títí á fi ní kí ló dé, ṣé ata lẹ̀ mọ́ òun létè ni. Orí sì ń fọ́ ọkùnrin náà láràárọ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ ìpàkọ́, ó ní oòrùn ni. Aránṣọ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e mì, kí wọ́n má lọ sọ pé ó ń bá àjẹ́ jíṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, lọ́sàn-án gangan, Onípákó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń já pákó, Káfíńtà dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Aránṣọ gbé omi wá fún wọn. Ó rí i tí pẹ́ńsùlù bọ́. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ìka rẹ̀ ń kan pẹ́ńsùlù tí kò lè mú un. Káfíńtà sọ nǹkan kan sí Onípákó, ìyẹn bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń sín ọ̀mùtí jẹ ni. Rédíò orí pẹpẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn aago méjì.

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Aránṣọ kó tó mọ̀. "Bàbá ọmọ mi, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i."

Ayùn dákẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Gbọ́yìísọ̀yí ti ń rẹ́ pákó. Gbọ́yìísọ̀yí yíjú padà. Káfíńtà, tí kò mọ nǹkan kan, rẹ́rìn-ín fún ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, apá kan. Aránṣọ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀kan gòkè, èkejì ò tẹ̀lé e. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, Onípákó ló gbá a mú kó má forí lulẹ̀.

"Ìyàwó," ni Gbọ́yìísọ̀yí wí, "ìwọ náà? Ó ti fún ọ jẹ?"

Aránṣọ dúró gbagidi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pani, a jẹ́ pé òun lòun pa ọkọ òun yìí. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ti bọ́ kí òun tó lanu. Ó wá rántí ọjọ́ kọ́tìnnì, ó tò ó bó ṣe tẹ̀léra: ife ló kọ́kọ́ bọ́. Ife ti wà nílẹ̀, omi ti dà, kí Ìyá Wọ́ọ̀dù tó dìde. Ó ń yẹ bàbá wò ni, kì í ṣe òun ló fà á. Obìnrin náà ti rí ikú lójú bàbá, ó pariwo, àwọn sì mú ẹni tó pariwo.

Gbọ́yìísọ̀yí ti ṣí ìgò àgbo tí aríran fi sílẹ̀, ó ń dà á sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Àgbo ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè, Káfíńtà ń húkọ́, ojú rẹ̀ ń yọ. Aránṣọ gbá ìgò náà dànù.

"Kò lè gbé e mì, ẹ máa fún un pa."

Gbọ́yìísọ̀yí lọ na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò ní í jáde kí ojú ayé má baà parí ohun tí ayé bẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, òun ń lọ pe aríran. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì le níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kúrò lọ́nà," Aránṣọ wí.

"Àjẹ́ ni ẹ́."

"Ó dáa, àjẹ́ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ àjẹ́ tó gbé ọkọ rẹ̀ dé ọsibítù."

Onípákó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa àjẹ́, ọ̀nà lòun mọ̀. Ọkùnrin náà tóbi bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ó gbé Káfíńtà sáyà, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, Gbọ́yìísọ̀yí sì rí i pé apá òun ò lè dí i. Wọn ò dúró já ìyókù pákó. Aránṣọ jókòó sẹ́yìn láàárín igi, ó dojú ọkọ rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má baà há a lọ́fun, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ èsì kan tó yéni.

Dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́ ni, sáré jáde wá bá wọn lẹ́nu ọkọ̀. Kò bèèrè orúkọ, kò bèèrè owó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Káfíńtà, ó ní, "Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i. Ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sókè." Onípákó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. Dókítà yíjú sí Aránṣọ, ó ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

"Aago méjì. Ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni."

Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni, pé bí àwòrán orí bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sójú ọ̀nà ọpọlọ, abẹ́rẹ́ wà tó ń tú u, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ péré ló fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó sì ń dé lọ́jọ́ kejì ló pọ̀ jù. Wọ́n tì í wọlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè jókòó, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ìgbà tó kọjá lẹ́ẹ̀karùn-ún ló rí bébà ńlá kan lára ògiri: orí èèyàn tí ẹnu rẹ̀ wọ́, ọwọ́ méjì tí ọ̀kan ń wálẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ọfọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ lé èèyàn jáde nílé nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ ló lè kà á.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Wọ́ọ̀dù dé síbi iṣẹ́ tòun ti garawa. Ó rí Aránṣọ, ó dúró. Aránṣọ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Ta ni wọ́n gbé wá?" ni ìyá náà bèèrè.

"Ọmọ yín ni, mà. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Ó ti ń ká ìka. Ó bi mí ṣé Onípákó ti já pákó tán."

Ìyá Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, ó gbé garawa kalẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun dákẹ́. Ìyá náà ò ní kò burú, torí ó burú. Aránṣọ wá ní kò sí ibi tí òun ó padà sí, pé orúkọ tí wọ́n fún ìyá ni wọ́n ti fún òun náà nílé.

"Wọ́n á pè ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí. "Ó lè tó ọdún, ó lè má tán. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ á wà láyé tí á máa gbọ́ ọ. Èmi, wọ́n pè mí láàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì tún kú."

Aránṣọ sunkún, irú èyí tí kò sun nígbà tí wọ́n ń sin bàbá. Ìyá Wọ́ọ̀dù fi í sílẹ̀ kó sun ún. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú pé wọ́n lè wọlé, ó fà á dìde lápá, wọ́n jọ wọlé lọ wo ọmọ wọn.