Ìlà Tí Kò Sí Lójú Kọ̀ǹpútà

"Pa ẹ̀rọ yẹn, Túnmiṣe. Pa á kíá."

Ọwọ́ Túnmiṣe ti wà lórí bọ́tìnnì pupa kí ọ̀gá Oyètọ́lá tó sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òdòdó mẹ́ta ti yọ lára pákó ìrókò tó wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlà gbọọrọ kan tún là wọ́n já láti orí ọ̀kan dé èkejì, bí ẹni fi èékánná ya ojú ọmọ ọlọ́mọ. Ìlà yìí kò sí nínú àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà rárá.

Iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni ọ̀gá Oyètọ́lá ń ṣe ní Òkè-Ṣọpẹ́n, n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n á ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á la ọ̀nà tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ máa gbà, ọ̀bẹ á sì tọ ọ̀nà náà. Ilẹ̀kùn mọ́sálásí kan ní Awa ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìrókò àgbàlá mọ́sálásí yẹn gan-an ni wọ́n gé fún un, inú igi sì ti jẹrà, pákó méjì péré ló ṣeé lò níbẹ̀. Ọ̀kan ló ti bàjẹ́ yìí.

Ọ̀gá kì í pariwo. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ohùn tó fi ń gbàdúrà náà ló fi ń bá èèyàn wí. "Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti wọ́," ló wí. "Afeezat, ṣé o wọn bí pákó yìí ṣe nípọn kó o tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà?"

Afeezat ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò WAEC tán ni, ó wá ń kọ́ṣẹ́. Bàbá rẹ̀, Alájì Sùrájù, ló ni sọ́míìlì tí wọ́n ti la igi náà. Láàárọ̀, bó ṣe ní kóun mú téèpù, Túnmiṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ onísọ́míìlì, o ò lè fojú mọ pákó oníǹṣì méjì?" Túnmiṣe bá tirẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wọ Afeezat lára. Ó ju téèpù sílẹ̀, ó tẹ íǹṣì méjì. Ṣebí àti kékeré ló ti ń rí i nílé bàbá rẹ̀?

Ojú ọ̀gá wá wà lára rẹ̀ báyìí. Bàbá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá lé e níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Ìbíadé ló ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò òun tó ń yan ẹja. Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó ronú.

"Mo wọ̀n ọ́n, sà."

"Ó dáa. Ẹjọ́ pákó ti tán nìyẹn."

Wọ́n yẹ ọ̀bẹ wò, ó le dáadáa. Wọ́n yẹ ojú tábìlì tí ẹ̀rọ ti ń ka gíga igi wò, kò yẹ̀. Ó wá ku àwòrán, Túnmiṣe ló sì yà á.

"O ò jẹ́ kí ọ̀bẹ gbéra sókè tó kó tó kọjá sí òdòdó kejì," ọ̀gá wí. "Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ lórí igi."

"Ọ̀gá, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

"Tún un yà."

Túnmiṣe jókòó, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ara Afeezat kò lélẹ̀ mọ́. Ó gbálẹ̀ ibi tó ti gbá. Ó mu omi tí òǹgbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́. Ó lọ kírun Àìlà, kò sì mọ̀ bóyá rakáà mẹ́ta lòun kí tàbí márùn-ún. Ó fẹ́ yọ́ téèpù mú kó wọn pákó kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọ̀gá jókòó sí.

Nígbà tí àwòrán tuntun parí, Túnmiṣe wọn àjákù pákó kan, ó fi dán an wò. Ó yọ mọ́nránmọ́nrán, kò sí ìlà kankan.

"O rí i?" ọ̀gá wí. "Àwòrán rẹ ló ní àṣìṣe. Bí a bá ti parí ilẹ̀kùn yìí, kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, kó o padà sídìí sáńpépà."

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni Túnmiṣe fi ń nu imú, ọmọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n.

Wọ́n gbé ìrókò tó kù sórí ẹ̀rọ. "Íǹṣì méjì ni Afeezat wọ̀n," ọ̀gá wí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìbíadé ló kọ́kọ́ wá sí Afeezat lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Túnmiṣe. Ó fò sí bọ́tìnnì pupa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Mi ò wọ̀n ọ́n, sà. Irọ́ ni mo pa."

Ọ̀gá mú téèpù, ó wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ju íǹṣì méjì lọ dáadáa. Ó pe Alájì Sùrájù lórí fóònù, gbogbo wọn sì ń gbọ́.

"Mo mọ̀ pé ó lé," Alájì wí. "Iṣẹ́ ilé Ọlọ́run ni, mo bá fi èènì sí i. Ṣé Afeezat ò wọ̀n ọ́n ni?"

Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù.

Ó wá yé Afeezat. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gbé ọ̀bẹ sókè, tó rò pé ọ̀bẹ ti kúrò lára pákó oníǹṣì méjì, inú igi ló ṣì wà. Ó kúnlẹ̀.

"Àìwọ̀n pákó ló ba ọ̀kan jẹ́," ọ̀gá wí. "Irọ́ rẹ ló fẹ́ ba ìkejì jẹ́, ó sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Mi ò ní lé ọ, torí pé ìwọ lo pa ẹ̀rọ. Àmọ́ ìwọ lo máa lọ sídìí sáńpépà. Lọ́la, a jọ ń lọ sí Awa, ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ fún àwọn àgbà mọ́sálásí."

Ọ̀gá jáde. Afeezat yíjú sí Túnmiṣe.

"Bọ̀dá Túnmiṣe, ẹ má bínú."

"Kò yẹ kí èmi náà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ nígbà tó o ní o wọ̀n ọ́n, mo gbà ọ́ gbọ́. Mo wá gbogbo àwòrán yẹn títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo ti ń rò ó pé bóyá èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ náà mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Afeezat ju ti sáńpépà lọ, ó ju ti Awa lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo iṣẹ́ ló ní àṣìṣe, ó sì ṣeé wá rí. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá fi irọ́ bò ni wọn kì í wò mọ́, aláìṣẹ̀ ni wọ́n á sì máa tú palẹ̀.