Tìróò Lórí Ẹ̀gbọ́n

"Ẹ jókòó, Bàbá, kí n fi orí yín wé àwòrán."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Abẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ wá wo bó ṣe ń ṣe bí ọ̀gá! Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú irun tó ń re. Á wo orí aláìsàn, á fi wé àwòrán inú káàdì, á sì kọ ìpele rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, iwájú orí mi ti fẹ́ pàdé ìpàkọ́," ni bàbá náà wí, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìpele kẹfà nínú méje ni, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Dókítà yẹ orí náà wò. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ojú ẹ mú, kì í ṣe lásán la ṣe ń pè ẹ́ ní Abẹ́rẹ́."

Bí bàbá ti jáde ni ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ obìnrin wọlé. Ìyá wọn ló fipá lé e wá. Ti obìnrin kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níwájú bíi ti ọkùnrin. Àárín orí ni ìlà irun ti máa ń fẹ̀ sí i, ìpele márùn-ún ló sì wà nínú káàdì tiwọn. Abẹ́rẹ́ fi òòyà pín irun náà, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín. Ló bá rí dúdú lẹ́nu òòyà. Tìróò! Ẹ̀gbọ́n ti fi tìróò kun awọ orí kí ibi tó fẹ̀ má bàa hàn!

"Jọ̀ọ́, àbúrò mi, ojú ń tì mí. Má sọ fún dókítà. Ìlà tín-ín-rín tóo rí yẹn ni kóo kọ."

Àánú ṣe é. Ó kọ ìpele kìíní.

Èrò ti kún ìta, dókítà kò tún orí náà wò. "Ìpele kìíní? Kò tíì nílò oògùn. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú Abẹ́rẹ́, ojú mi ni."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó mọ̀ pé irun tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè nìkan ni oògùn ń ràn lọ́wọ́; tó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, ó lè ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n sì ti ń wé ìborí.

"Ẹ dákun, mà! Irọ́ ni mo kọ!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ yìí ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà fi òwú tútù nu tìróò kúrò. Ìlà náà fẹ̀ tó ìka ọmọdé.

"Ìpele kẹta nínú márùn-ún. A ṣì bá a lákòókò." Ó kọjú sí Abẹ́rẹ́. "Fún oṣù kan gbáko, gbogbo orí tóo bá wò ni màá tún wò. Àmọ́ ẹni tó jẹ́wọ́ láìsí ẹni tó mú un, mo kan sáárá sí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n fi di Abẹ́rẹ́ sínú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti ń lo oògùn, tí ìlà náà ti dín kù, tí Abẹ́rẹ́ sì tún wà ní ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ wá. "Àbúrò mi ni kó wò ẹ́. Kò ní purọ́ fún ẹ."

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbọ́ o: bá a bá fẹ́ràn èèyàn, a kì í bá a bo àìsàn mọ́lẹ̀.