Ohùn Tó Wà Lórí Ẹ̀rọ Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ọ̀rọ̀ tí mo bá lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ sí i kò tíì dé.

Èmi ni mo ń dáhùn tẹlifóònù níléeṣẹ́ yìnyín kan ní Sekondi, ìlú apẹja létí òkun. Èèwọ̀ ni fún àwọn apẹja wa láti wọ òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí náà àwa náà kì í ṣí. Ohùn mi tí Ọ̀gá Kwansa gbà sínú ẹ̀rọ ló máa ń dá ẹni tó bá pè lóhùn: “Òkun ń sinmi lónìí. Ẹ sọ tẹnu yín sílẹ̀, a ó gbọ́ ọ lọ́la.” Tó bá di Ọjọ́rú, màá jókòó gbọ́ wọn. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ ogún bílọ́ọ̀kù, ẹlòmíì á máa bú wa pé èyí tí òun rà ti yọ́.

Ṣùgbọ́n Ekow, ọkọ mi tó jẹ́ apẹja, ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, tí omi ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀. “Ìyá Esi, omi yìí tutù. Kí wọ́n má dúró dè wá.” Ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ sí i ni Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún un, ẹ̀rín ló ń rín.

“Ẹ̀rọ yín ti mutí yó. Ta ló ń lọ sókun ní Ìṣẹ́gun?”

“Bàbá Esi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Ajé. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ lórí omi, Ìṣẹ́gun á bá yín níbẹ̀.”

“Ẹja ń ya bí omi, kí n wá jókòó ti ìyàwó nítorí tẹlifóònù? Wọn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán láé!”

Àyà mi kò balẹ̀. Nígbà tí Ajé dé, mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí: mo bẹ àwọn ará iléeṣẹ́ wa kí wọ́n má ta yìnyín fún ọkọ̀ rẹ̀. Láìsí yìnyín, ẹja á ti rà kó tó dé èbúté. Ó bínú gan-an, ó kẹ̀yìn sí mi títí mo fi lọ sùn.

Nígbà tí mo jí ní Ìṣẹ́gun, mo bá a níta lórí àpótí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Inú mi dùn débi pé orin bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo gbé kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo wa, àti ata fún un, kò fọwọ́ kàn án. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù nini.

Rédíò ilé kejì ń ka ìròyìn aago mẹ́jọ. Ọkọ mi rọra sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

“Pa fóònù ẹ, Araba. Jẹ́ ká jọ jókòó.”

Látìgbà tí mo ti bí Esi, kò pè mí ní Araba mọ́. Mo rò pé ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Mo pa fóònù. A jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun. Kò padà wálé. Mo rò pé ó sùn sọ́hùn-ún ni.

Lọ́jọ́rú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀rọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àná ni.

“Ìyá Esi, má bínú. Ìgbà tó o sùn la lọ ra yìnyín ní Ṣámà, la bá gba ibẹ̀ wọ òkun. Ẹ́ńjìnnì ti kú, omi ti kún ọkọ̀. Mo pe fóònù ẹ títí, o ti pa á. Nọ́ńbà iléeṣẹ́ yín nìkan ni mo tún mọ̀ sórí. Omi yìí tutù. Kí wọ́n má dúró dè wá.”

Mo sáré délé. Àwọ̀n wà lórí àpótí, ó ti tún un ṣe tán, omi iyọ̀ ń kán lára rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tí mo gbé kẹ́ńkè fún.

Mo bẹ Ọ̀gá Kwansa pé kó pa ohùn mi rẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Ohùn náà ni ọkọ mi gbọ́ kẹ́yìn, tó ń sọ fún un pé òkun ń sinmi, pé a ó gbọ́ ọ lọ́la.